Etí Kò Ní Ìdérí: Ariwo Ilé Wa àti Ọmọ Tí Kò Lè Gbà Á

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí, àwa gan-an ni ó kọ́kọ́ bá wí kí ó tó kan ẹnikẹ́ni.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì kan tó kọjá, níhìn-ín ní Efire, ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí a ti ń ṣe tàfùsírù wá bá wa lẹ́yìn ìrun iṣáì. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ká jọ̀wọ́ bá òun dín ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa kù nítorí ọmọ òun, ọkùnrin, ọmọ ọdún méje. Ó ní bí ẹ̀rọ náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á wọ abẹ́ ibùsùn, á máa fi orí gbá ògiri. Ó ní bí a bá parí ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó máa ń di aago kan òru kí ó tó sùn, àwa a sì tún jí i ní sààrì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wa nínú. Ọ̀kan nínú wa bi í pé ṣé ohùn Alùkùránì ló wá ń di ìnira fún ọmọ Mùsùlùmí. Ẹlòmíràn ní kó gbé ọmọ náà lọ bá ààfáà, pé ohun tó bá ń sá fún Alùkùránì, gbogbo wa la mọ ohun tó jẹ́. Obìnrin náà kò bá wa jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ààfáà," ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó lọ. A kò dín ẹ̀rọ náà kù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn ọdún ni a tó gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá kan, pé àwọn dókítà ti yẹ etí rẹ̀ wò, etí náà kò ní àìsàn kankan, pé ohun tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù. A kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Nígbà tí a sì wádìí rẹ̀, ojú tì wá.

Ní 1943, dókítà kan tó ń jẹ́ Leo Kanner, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa àwọn ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í fẹ́ wo ojú ènìyàn. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà lánàá. Ọ̀rọ̀ sísọ ṣòro fún wọn, àwọn tó sì ń sọ̀rọ̀ nínú wọn kì í lò ó bí ọmọ yòókù ṣe ń lò ó. Kanner tún kọ ohun kan tó yẹ kí Yorùbá dúró gbọ́: bí ìyá bá nawọ́ láti gbé wọn, wọn kì í múra fún gbígbé. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọmọ tí a ń wí yìí kì í sábà ṣípá. Ta ni yóò wá gbé e?

Nínú ìwé kan náà ni Kanner ti sọ pé ariwo a máa kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọ yìí: ẹ̀rọ tí òyìnbó fi ń fa eruku ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gun òkè ilé, omi tó ń dà, àní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ pàápàá. Ó sì kíyè sí i pé ọmọ kan náà lè máa fi ìdùnnú pa ariwo tó tó èyí tó ń bà á lẹ́rù. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ wa lójú. A ó ní, "Ṣebí òun náà ń pariwo, kí ló dé tí tiwa fi ń bí i nínú?" Ariwo tirẹ̀, òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ló sì mọ ìgbà tí yóò dá a dúró. Tiwa ni kò mọ ìgbà tí yóò dé, kò sì mọ ìgbà tí yóò lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá ni àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní òbí tí kò ní ìfẹ́ ọmọ, tí ọkàn rẹ̀ tutù bí omi yìnyín, ló ń sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Bernard Rimland, tí òun pàápàá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ ìwé ní 1964 láti fi hàn pé irọ́ ni, pé nínú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà. Síbẹ̀ Bruno Bettelheim tún kọ odindi ìwé ní 1967 láti di ẹ̀bi náà ru òbí. Ìmọ̀ ìṣègùn ti kọ ọ̀rọ̀ Bettelheim sílẹ̀ tipẹ́. Àwa ńkọ́? A ní àjẹ́ ni, a ní àbíkú ni, a ní àlùjọ̀nnú ni, ìyá kan náà ni yóò sì ru gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Dókítà Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n rí lára àwọn òṣìṣẹ́ náà tó gbà pé ohun àìrí lè fa á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé-ìwòsàn, kí ni a fẹ́ retí ní agbo ilé?

Ìwòsàn tí a sì ń wá fún un ńkọ́? A ó gbé ọmọ tí ariwo ń dá lóró lọ sí ibi tí èèyàn mẹ́wàá yóò ti yí i ká, tí wọn yóò máa ké lé e lórí, tí wọn yóò máa sọ̀rọ̀ sókè sí i létí. Bí ó bá jà, wọ́n á ní àlùjọ̀nnú ló ń jà. Ẹni tí a bá dà omi gbígbóná sí lára, ṣé kò ní jà?

Báwo ni ìró ṣe ń ṣe é gan-an? Etí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Bí ọpọlọ ṣe ń gba ohun tí etí gbọ́ ni ó yàtọ̀. Àwa tí a ń gbé nítòsí ẹ̀rọ ìlọta, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́, ọpọlọ wa ló ti tì í sẹ́yìn kí a lè gbọ́ ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, títì sẹ́yìn yìí ni kì í rọrùn. Ẹ̀rọ ìlọta, rédíò, ẹkún ọmọdé, ìkòkò tó bọ́ lulẹ̀, ohùn ìyá tó ń pè é, gbogbo wọn ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan kò sì yà fún ìkejì. Ìdí nìyí tí ìyá fi lè pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ó má dáhùn, tí aládùúgbò á ní adití ni, tí ó sì tún jẹ́ pé òun kan náà ló fi etí gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kẹta kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. (Síbẹ̀, kí òbí kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò etí. Etí tó ń ṣọyún náà a máa dun ọmọ, àwọn adití sì wà lóòótọ́.)

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ kan ní Efire. Ní 2013, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń mọ irú àìsàn tàbí ipò tí ènìyàn wà fi kún un pé bí ara ọmọ ṣe ń gba ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn lọ́nà tó yàtọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àmì ọ́tísíìmù. Ní 2021, àwọn olùwádìí kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 4 nínú 10 àwọn tó ní ọ́tísíìmù ni ìró lásán ń ni lára lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí a bá sì ka gbogbo ìgbà ayé wọn, ó tó 6 nínú 10. Kì í ṣe gbogbo wọn, nítorí ọmọ kan kò jọ kan. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìró ló ń wá kiri. Yóò lọ fi etí lé ẹ̀rọ amúlétutù, yóò máa kùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ wo ọmọ tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé wa fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí kì í jìnnà sí ilé ní agbègbè wa. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn tó ń lagi ń lagi láti òwúrọ̀. Ní Àgọ́-Ìwòyè, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ pọ̀ ní ilé àyágbé, bí ọ̀kan bá gbé orin tirẹ̀ sókè, ìkejì á gbé tirẹ̀ sókè kí ó lè gbọ́ ọ. Ní etí omi níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wà, ọ̀kadà wà. Bí iná ìjọba bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé. Orúkọ tí àwọn èèyàn fún un láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, pé ó sàn fún mi ju aládùúgbò mi lọ, ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ ti ẹni tó ni ín, ariwo rẹ̀ ni aládùúgbò ń jẹ.

Ohun kan wà nípa ariwo tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí: ariwo a máa bí ariwo. Nítorí jẹnẹrétọ̀ ń dún, a ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Nítorí tẹlifíṣọ̀n ń dún, ìyá á kígbe kí ọmọ tó wà ní ilé ìdáná lè gbọ́. Nítorí ìyá ń kígbe, ọmọ á kígbe dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, ilé onílé mẹ́rin á ti dà bí ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń tiraka láti kọ́ ọ̀rọ̀ wà ní àárín gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ tí kò tètè dé ẹnu rẹ̀, ohùn ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́ ọ, ohùn náà ló sì sọnù sínú ariwo. Nítorí náà, kì í ṣe pé ariwo ń bà á lẹ́rù nìkan. Ó tún ń jí ọ̀rọ̀ kó mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìró, tí wọ́n ń pè ní dẹ̀sìbẹ́lì, kò dà bí ìwọ̀n ìrẹsì. Bí ó bá fi 10 lé sí i, agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10, etí a sì máa gbọ́ ọ bí ìlọ́po 2. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ jẹ́ nǹkan bí 60. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá fún àwọn ìlú Yúróòpù pé kí ariwo òru níta ilé má ju 40 lọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọdún 2009 kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìwọ̀n ariwo. Ó wà nínú ìwé títí di òní.

Ilé tí a kọ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ògiri amọ̀ àwọn bàbá wa nípọn, ó máa ń gbé ariwo mì. Ilé tí à ń kọ́ nísinsìnyí, búlọ́ọ̀kù ni, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tàbí táìlì dídán, páànù wà lókè, ọ̀pọ̀ kò sì ní sílíìnì. Ìró tó bá wọ inú rẹ̀, láti ògiri dé ògiri ni yóò máa ta bọ́ọ̀lù. Bí òjò bá sì dé, ẹ̀yin tí ẹ mọ òjò etíkun wa mọ ohun tí páànù máa ń sọ. Ìyàwòrán-ilé kan tó jẹ́ ọmọ Íjíbítì, Magda Mostafa, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Amẹ́ríkà tó wà ní Káírò, bi àwọn òbí àti olùkọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí léèrè ohun tó ń yọ ọmọ lẹ́nu jù nínú ilé. Ìró ni wọ́n fi ṣáájú. Ó wá tún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe kí ariwo inú rẹ̀ lè rọlẹ̀, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008: àwọn ọmọ náà túbọ̀ lè fi ọkàn sí iṣẹ́ fún àkókò tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé yàrá ni ó yí padà níbẹ̀.

Ibí yìí ni ìbéèrè tó gbé wa kọ̀wé yìí wà. Láàárín ọmọ tí kò lè gba ariwo àti ilé tó ń pariwo, èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ yí padà?

Àwọn kan á ní ọmọ náà ni. Wọ́n ní ayé kò ní dákẹ́ fún un, kó tètè kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, a kò sì ní fi ọwọ́ gbá a dànù. Ọmọ lè kọ́ láti fara da ìró díẹ̀díẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ fún un, tí ìró náà kéré, tí òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé òun lè ní ó tó. Kódà ìbòtí tí àwọn òyìnbó ń gbé sórí ọmọ kí ariwo má baà wọlé, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ní kí ó má máa wà lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí etí má baà túbọ̀ máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kíkọ́ yàtọ̀ sí jíjù sómi. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní odò wíwẹ̀, etí odò ló ń gbé e lọ, kì í tì í sí àárín ọ̀sà. Ta ni a sì ń dá lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a bá gbé ẹ̀rọ sókè ní aago mẹ́ta òru?

Àwọn mìíràn á ní ọmọ kan ṣoṣo ni, àwa pọ̀. Ó dára. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá jókòó síbi kan, tí ohun tí wọ́n ń ṣe dùn mọ́ wọn díẹ̀, tí ó sì ń dá ẹnì kan lóró, ṣé a ó kó dídùn díẹ̀ díẹ̀ náà jọ, ká fi wọn ìrora ẹnì kan, ká ní tiwa ló tẹ̀wọ̀n jù? Ojú ní ìpéǹpéjú. Ohun tí èmi àti ìwọ kò bá fẹ́ rí, a lè di ojú sí i. Oúnjẹ tí a kò fẹ́, a lè pa ẹnu dé. Etí nìkan ni Ọlọ́hun dá láìní ìdérí, nítorí náà ẹni tó bá ń pariwo ti wọ inú ara ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Èyí ni àwa fi gbà pé ọwọ́ ẹni tó ń dá ìró sílẹ̀ ni ẹrù wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ìró bá nílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló kù, òun ni a sì fi dá ìyá ọmọ náà lóhùn lọ́jọ́ kìíní. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nínú Súúrà Lukumáànù, níbi tí bàbá ti ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn, rírẹ ohùn sílẹ̀ wà nínú ohun tó pa á láṣẹ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tó ń ṣe ìtíkáàfù tí ó gbọ́ tí àwọn èèyàn ń ké Alùkùránì sókè, ó ká aṣọ ìkélé, ó sì kọ̀ fún wọn láti máa fi ohùn ni ara wọn lára. Ohùn Alùkùránì ni o, kì í ṣe ohùn fújì. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ó mú wa dákẹ́ jù: Ànábì a máa bẹ̀rẹ̀ ìrun pẹ̀lú èrò láti fà á gùn, bí ó bá ti gbọ́ ẹkún ọmọdé lẹ́yìn, a gé e kúrú, nítorí ó mọ ohun tí ẹkún náà ń ṣe sí ọkàn ìyá rẹ̀. Ìrun fúnra rẹ̀ yà fún ọmọ kan àti ìyá kan. Ṣé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá ju ìrun lọ ni?

Kò sí ẹni tó ní ká má pe ìrun. Ìpè ìrun kì í pẹ́, àkókò rẹ̀ kì í yẹ̀ lọ títí, ọmọ tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà lánàá lè mọ ìgbà tí yóò dé. Ohun tó kù lẹ́yìn ìpè ni a ń wí: wáàsí wákàtí mẹ́ta tí ẹnu ẹ̀rọ kọ sí ojú fèrèsé ènìyàn. Ní 2021, ìjọba Saudi Arabia pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ ìta mọ́ṣáláṣí wà fún ìpè ìrun àti ìkọ́ọ̀mù nìkan, kí ohùn rẹ̀ má sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀rọ náà. Nítòsí wa, ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti nǹkan bí 70 ṣọ́ọ̀ṣì àti 20 mọ́ṣáláṣí pa nítorí ariwo. Kí ó tó di pé ìjọba wá ti ilẹ̀kùn ẹni, ṣé kò sàn kí a fúnra wa yí ẹnu ẹ̀rọ padà?

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan á rán wa létí wéré. Lóòótọ́, àwọn ọmọdé ló ń lu ìlù ká àdúgbò láti jí èèyàn fún sààrì, inú rẹ̀ ni fújì ti jáde, a kò sì ní kí ìran wa gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníwéré a máa kọjá lọ. Ìlù rẹ̀ a dún lójú ilé yín, a sì jìnnà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé òpópónà kejì. Ẹ̀rọ tí a so mọ́ òpó kì í kọjá lọ.

Nínú ilé, ohun tí òbí lè ṣe kò pọ̀ ní owó. Kí a yan yàrá kan tó jìnnà sí títì, kí a tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí a fi aṣọ tó nípọn ṣe kọ́tìnnì, kí ọmọ mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun lè sá sí, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ibẹ̀ di ibi ìjìyà. Kí a pa tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò wò. Kí a sọ fún un kí a tó tan ẹ̀rọ ìlọta. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí wọ́n bá ń yin ìbọn ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe ọ̀ranyàn kí gbogbo ọmọ wà níbẹ̀. Kí àǹtí àti ìyá àgbà má sì gbá ọmọ tó di etí létí. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìyá tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá kò ní agbára lórí ìdajì nínú ìwọ̀nyí. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ àwa tí a yí i ká.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mẹ́ta nínú wa lọ sílé ìyá náà láti tọrọ àforíjì. Ó fún wa ní omi. A bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó ń ni ọmọ náà lára gan-an. Ìdáhùn rẹ̀ yà wá lẹ́nu. Ó ní kì í ṣe ìpè ìrun, pé ọmọ náà fẹ́ràn ìpè ìrun. Bí ilé bá dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ a máa kùn ún, kò sì ní ṣi ohùn rẹ̀ pe níbì kankan. Ó ní igbe tí ẹ̀rọ máa ń han nígbà tí a bá ń dán an wò, èyí tó dà bí irin tó ń ha irin, àti ìró tó ń dé lójijì, ni kò lè gbà. A wo ẹnu ẹ̀rọ wa láti ojú fèrèsé rẹ̀. Inú yàrá náà gan-an ni ó kọjú sí.

A ti yí i sí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ dáadáa ti bá wa sún maikirofóònù kúrò níwájú rẹ̀, igbe náà sì ti dín kù. Bí a bá fẹ́ ṣe ètò alẹ́, arábìnrin kan a máa lọ sọ fún ìyá náà láti àná. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ṣì ní a ti sọ ẹ̀sìn di yẹpẹrẹ nítorí ọmọ kan, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí láàárín wa.

Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni a kò tíì rí ojútùú sí. Ìyá arúgbó kan tó ń ta omi tútù àti ẹja yìnyín ló ni ín. A ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun gbọ́, àánú ọmọ náà sì ń ṣe òun, ṣùgbọ́n ẹja òun kò ní dúró de iná ìjọba, ọmọ ọmọ òun mẹ́rin ló sì ń jẹun nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà tọ́. A ti ń dá owó láti fi búlọ́ọ̀kù ṣe ilé kékeré fún jẹnẹrétọ̀ náà ní apá kejì ọgbà, kí a sì fún un ní wáyà tó gùn. Sìmẹ́ńtì àti wáyà ló kù. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi kún un, kó wá bá akápò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.